Aṣòfófó Inú Omi: Bí Àwọ̀ Ṣe Ń Tú Àṣírí Mẹ́táàlì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní omi ò lọ́tàá. Òótọ́ ni. Bí òǹgbẹ bá ń gbẹ ọmọ Ìjẹ̀bú, tó ń gbẹ ọmọ Kánò, omi kan náà ni yóò pa á fún àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n bí omi kò tilẹ̀ lọ́tàá, omi lè gbé ọ̀tá pọ̀n wọlé. Ohun tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí ni bí a ṣe ń fi àwọ̀ dá irú ọ̀tá bẹ́ẹ̀ mọ̀, àti ibi tí àwọ̀ náà kò ti tó gbára lé.

Kí á tó bá ọ̀rọ̀ lọ, ẹ jọ̀wọ́, bí Yorùbá wa bá dà bí ẹni pé ó ti gba orí afárá Jẹ́bà kọjá lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ má fi wá ṣẹ̀sín. Sábón Gàrí ní Kánò ni wọ́n bí wa sí, ibẹ̀ náà la sì dàgbà sí. Ní Ìbàdàn, Sábó ni ibi tí àwọn Haúsá ń gbé. Ní Kánò, Sábón Gàrí ni ibi tí àwa Yorùbá àti àwọn ará Ìbò ń gbé, láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ti dé Kánò ní 1911 tí àwọn òyìnbó sì ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún àlejò. Ibẹ̀ ni ìtàn wa ti bẹ̀rẹ̀.

MÁÍ ṢÁYÌ ÀTI BÓÒHÓÒLÙ ONÍLÉ WA

Nígbà tí a wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún mọ́kànlá, onílé wa gbẹ́ bóòhóòlù sínú agbo ilé. Omi náà mọ́ gaara, ó sì tutù. Inú gbogbo ayálégbé dùn pé àwọn kò tún ní máa dúró de mẹ́rúwà àti ọmọlanke rẹ̀ mọ́.

Ọkùnrin Haúsá kan wà tí ó ń ta tíì lẹ́nu ọ̀nà wa. Máí ṣáyì ni gbogbo wa ń pè é. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó bu omi bóòhóòlù náà sínú kẹ́tù. Tíì tí ó yẹ kí ó pọ́n bí oyin, ńṣe ni ó dúdú bí aró. Ó da gbogbo rẹ̀ sí gọ́tà, ó sì ránṣẹ́ pe mẹ́rúwà.

Nígbà tí onílé gbọ́, inú bí i gidigidi. Ó ní ọkùnrin náà fẹ́ ba omi òun lórúkọ jẹ́. Ẹnìkan ní àjẹ́ ló fọwọ́ kan omi náà. Ẹlòmíràn ní ìlara ni, pé ẹni tí kì í ṣe ayálégbé kò ní fẹ́ kí ilé náà lómi. Ọ̀rọ̀ fẹ́ di ti Haúsá àti Yorùbá. Máí ṣáyì kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ohun tí ó sọ kò ju gbólóhùn kan lọ: “Akwai ƙarfe a cikin ruwan nan.” Ó ní irin wà nínú omi náà.

Kò pẹ́ tí aṣọ funfun tí ìyá wa fi omi náà fọ̀ fi ń pọ́n, tí inú báfù sì ń dípẹtà. Díẹ̀ díẹ̀, gbogbo wa fi bóòhóòlù sílẹ̀, a sì padà sí kànga àtijọ́ tó wà lẹ́yìn ilé. Máí ṣáyì fi omi kànga náà se tíì, tíì náà sì pọ́n dáadáa. Láti ọjọ́ náà ni ó ti di ọ̀rọ̀ ẹnu gbogbo ará ilé pé: “Omi kànga yìí dára, òun ni máí ṣáyì fi ń se tíì.”

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé gbólóhùn yìí. A ó padà sí i.

KÍ NI Ó WÀ NÍNÚ OMI TÍ OJÚ KÒ RÍ?

Irin, òjé, bàbà, síǹkì àti kúrómíọ̀mù, mẹ́táàlì ni gbogbo wọn. Bí ìṣó bá bọ́ sínú omi, ojú yóò rí i nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí átọ̀mù mẹ́táàlì bá pàdánù díẹ̀ nínú ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀, ó di ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ion, ó sì wọ inú omi lọ bí iyọ̀ ṣe ń wọ inú ọbẹ̀. Ojú kò rí iyọ̀ nínú ọbẹ̀, ṣùgbọ́n ahọ́n mọ̀ ọ́n. Ti òjé kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n òjé tí ó tó láti ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, ahọ́n kò mọ̀ ọ́n, imú kò gbọ́ òórùn rẹ̀, omi náà yóò sì mọ́ gaara nínú ife.

Ìlànà omi mímu tí ìjọba Nàìjíríà gbé jáde ní 2007 sọ pé òjé kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 0.01 lọ nínú lítà omi kan. Kúrómíọ̀mù kò gbọdọ̀ ju 0.05 lọ, irin kò sì gbọdọ̀ ju 0.3 lọ. Kí ẹ lè mọ bí 0.01 ti kéré tó, ẹ fojú inú wo táńkà omi mẹ́wàá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba lítà 10,000. Ẹ wá mú kóró Maggi kan, ẹ gé e sí mẹ́rin, ẹ ju ẹyọ kan ṣoṣo sínú gbogbo omi náà. Bí ẹyọ náà bá jẹ́ òjé, omi táńkà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ti dé ojú ààlà.

Ẹ má sì rò pé sísè yóò lé wọn lọ. Iná a máa pa kòkòrò àrùn, ṣùgbọ́n mẹ́táàlì kì í kú. Omi ló ń di ooru tí ó ń fò lọ. Mẹ́táàlì yóò dúró sínú ìkòkò, yóò sì pọ̀ sí i nínú ìwọ̀nba omi tó kù. Álọ́ọ̀mù tí a ń fi tọ́ omi mọ́, ìdọ̀tí ló ń mú lọ sísàlẹ̀; a kò lè fi ọkàn tán an lórí òjé.

BÁWO NI ÀWỌ̀ ṢE Ń YÍ PADÀ?

Gbogbo wa la mọ sóbò. Ẹ bu díẹ̀ sínú ife kí ẹ tó fi ṣúgà sí i, kí ẹ wá jẹ́ kí káún díẹ̀ bọ́ sínú rẹ̀. Pupa náà yóò ṣókùnkùn, yóò sì máa lọ sí àwọ̀ ewé lójú yín. Àwọn tí ń se wáákè ní Kánò náà mọ irú nǹkan báyìí: bí wọ́n bá fi káún díẹ̀ sínú omi tí wọ́n se ewé ọkà bàbà sí, pupa rẹ̀ a túbọ̀ jinlẹ̀. Kí ló fà á?

Ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí a rò pé ó funfun, gbogbo àwọ̀ òṣùmàrè ló wà nínú rẹ̀. Ohun aláwọ̀ a máa gbé apá kan nínú ìmọ́lẹ̀ yìí mì, a sì dá ìyókù padà sí ojú wa. Ìyókù yìí ni à ń pè ní àwọ̀ rẹ̀. Àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù inú rẹ̀ ló ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì. Bí ohunkóhun bá yí ètò ìjókòó ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù wọ̀nyí padà, ohun tí wọ́n ń gbé mì nínú ìmọ́lẹ̀ yóò yàtọ̀, àwọ̀ tí à ń rí yóò sì yàtọ̀. Káún ló yí ètò yìí padà nínú sóbò, nítorí pé ó pa kíkan rẹ̀.

Kẹ́míkà tí a fi ń mọ mẹ́táàlì inú omi ń ṣiṣẹ́ lọ́nà tí ó jọ èyí. Àwa yóò máa pè é ní aṣòfófó, nítorí pé kò mọ̀ bí a ti ń pa àṣírí mọ́. Ẹ fojú inú wo máí gádì tí ó ní ọwọ́ àti aṣọ. Ọwọ́ rẹ̀ ni ó fi ń di ion mẹ́táàlì mú. Aṣọ rẹ̀ ni apá tí ó ní àwọ̀. Bí ọwọ́ bá ti di ion mú, ion yóò fa ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù inú aṣọ náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀, aṣọ yóò sì pa àwọ̀ dà. Àwa tí a wà lókèèrè kò rí ọwọ́, a kò rí ion. Aṣọ nìkan ni a rí, a sì mọ̀ pé àlejò ti dé.

Iṣẹ́ tó le jù ni kíkọ́ ọwọ́ náà. Máí gádì tí ń fi fèrè pe gbogbo ẹni tó bá kọjá kò wúlò fún onílé. A fẹ́ èyí tí yóò dákẹ́ fún iyọ̀ àti ẹfun tí wọ́n sábà máa ń wà nínú omi, ṣùgbọ́n tí yóò pariwo bí òjé bá yọjú. Mẹ́táàlì kọ̀ọ̀kan ló ní ohun tí ó fẹ́ràn. Irin tí ó ti pàdánù ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́ta fẹ́ràn ọwọ́ tí a fi ọ́síjìn ṣe. Òjé àti mákúrì fẹ́ràn ọwọ́ tí imí ọjọ́ wà nínú rẹ̀. Bí a bá mọ ìfẹ́ ọkàn wọn, a mọ irú ọwọ́ tí a ó nà sí wọn.

Ẹ̀yin olùkàwé wa, ẹ padà wá sídìí kẹ́tù máí ṣáyì. Táníìnì ni ohun tí ń mú kí tíì máa korò lẹ́nu, ó sì ní ọwọ́ ọ́síjìn púpọ̀. Nínú ilẹ̀ lọ́hùn-ún tí afẹ́fẹ́ kò dé, irin inú omi pàdánù ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì péré, omi náà kò sì ní àwọ̀ tí ojú lè rí. Nígbà tí omi bá jáde tí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, irin náà a pàdánù ẹ̀kẹta. Bí a bá fi í sílẹ̀ nínú báfù di ọjọ́ kejì, ìpẹtà yóò rọ̀ sísàlẹ̀. Bí ó bá sì bá táníìnì pàdé, wọn a di ara wọn mú, wọn a sì dúdú. Láìmọ ìwé kan, máí ṣáyì ti ṣe àyẹ̀wò kẹ́mísìrì lójú gbogbo ará ilé.

IṢẸ́ YÌÍ KÌ Í ṢE TUNTUN

Ará Róòmù kan tí ń jẹ́ Pliny, tí ó kú ní ọdún 79, ti kọ nípa irú àyẹ̀wò yìí. Àwọn oníṣòwò kan ń fi iyọ̀ irin lú ìpẹtà bàbà, èyí tí ó níye lórí lọ́jà. Pliny ní kí wọ́n rẹ ìwé pápírọ́ọ̀sì sínú omi tí táníìnì wà nínú rẹ̀. Bí irin bá wà nínú ọjà náà, ìwé yóò dúdú. Nílé tiwa náà, àwọn oníṣẹ́ awọ ilẹ̀ Haúsá ti mọ̀ láti ayébáyé pé bí a bá fi èso bàgàrúwà ṣe awọ, tí a wá fi omi tí a rẹ irin sí kùn ún, awọ náà yóò dúdú. Bàgàrúwà kún fún táníìnì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí awọ wọ̀nyí kò yàtọ̀ sí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí tíì.

Ní ayé òde òní, àwọn onímọ̀ ti kó aṣòfófó jọ lóríṣiríṣi. Èyí tí wọ́n ń pè ní phenanthroline kì í ní àwọ̀. Bí ó bá bá irin pàdé, ó di pupa bí ọsàn tó pọ́n. Ọmọ Jámánì kan, Hellmut Fischer, fi dithizone hàn fún ayé ní 1925. Àwọ̀ ewé ni dithizone ní. Bí ó bá gbá òjé mú, ó di pupa. Ṣùgbọ́n dithizone kò mọ òjé nìkan. Ó mọ síǹkì, bàbà àti mákúrì pẹ̀lú, nítorí náà àwọn onímọ̀ ní láti kọ́kọ́ pa àwọn yòókù lẹ́nu mọ́ kí wọ́n tó lè gbọ́ ohùn òjé.

Ní 2003, Yi Lu àti Juewen Liu ní Yunifásítì Illinois ní Amẹ́ríkà lo wúrà. Bí a bá lọ wúrà kúnná kọjá ohun tí ojú lè rí, tí a sì fọ́n ọn ká sínú omi, omi náà a pọ́n bí wáìnì. Bí àwọn kóró náà bá súnmọ́ ara wọn, àwọ̀ rẹ̀ a di búlúù. Wọ́n fi okùn DNA so àwọn kóró wúrà pọ̀ títí omi fi di búlúù. DNA tí wọ́n lò jẹ́ irú èyí tí òjé máa ń jẹ́ kí ó gé okùn náà. Nítorí náà, bí òjé bá wà, okùn a gé, wúrà a fọ́n ká, omi a padà di pupa. Kò sí ẹ̀rọ kan tí ó ń dún níbẹ̀, ojú lásán la fi ń wò ó.

KÍ NI Ó KAN ÀWA?

Ẹnìkan lè wí pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó nìyí. Rárá o. Ní 2010, ní ìpínlẹ̀ Zamfara tí kò jìnnà sí wa ní Kánò, àwọn ọmọdé ń gìrì, wọ́n sì ń kú ní àwọn abúlé bíi Dareta àti Yargalma. Wọ́n kọ́kọ́ rò pé ibà ni. Ẹgbẹ́ oníṣègùn Médecins Sans Frontières ló wá rí i pé òjé ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Àwọn ará abúlé ń lọ òkúta tí wúrà wà nínú rẹ̀ nínú agbo ilé, òjé sì pọ̀ nínú òkúta kan náà. Nínú eruku ni ó ti wọ ara àwọn ọmọ jù lọ, ó sì wọ inú àwọn kànga kan pẹ̀lú. Àwọn ọmọ tí ó kú lé ní irinwó. Wúrà làwọn òbí wọn ń wá, wúrà sì ni ojú wọn rí. Kò sí ẹni tí ó rí òjé.

Ní ilẹ̀ Bangladesh, wọ́n gbẹ́ kànga onípáìpù fún àwọn aráàlú láti ìgbà 1970 síwájú kí wọ́n má baà máa mu omi odò tó ní kòkòrò. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ni wọ́n tó mọ̀ pé májèlé àséníkì wà nínú ọ̀pọ̀ nínú wọn. Wọ́n fi bébà aṣòfófó yẹ ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù kànga wò: bí bébà náà bá di àwọ̀ yẹ́lò tàbí tó pọ́n bí igi, àséníkì ń bẹ níbẹ̀. Kànga tí kò dára, wọ́n kun ẹnu rẹ̀ ní ọ̀dà pupa. Èyí tí ó dára, ọ̀dà àwọ̀ ewé. Ọmọ tí kò kàwé rárá lè mọ èyí tí yóò pọn.

Ní Kánò tiwa, iṣẹ́ awọ ni òkìkí wa. Àwọn ilé iṣẹ́ awọ pọ̀ ní Challawa, Sharada àti Bompai, iyọ̀ kúrómíọ̀mù ni ilé iṣẹ́ awọ òde òní sì fi rọ́pò bàgàrúwà. Omi tí ó jáde láti àwọn àdúgbò ilé iṣẹ́ wọ̀nyí ń ṣàn lọ sínú odò Challawa àti odò Jakara, àwọn àgbẹ̀ sì ń fi omi Jakara bomi rin ẹ̀fọ́ tí a ń jẹ. Àwọn olùwádìí ti kọ̀wé lórí mẹ́táàlì inú omi àwọn odò méjèèjì yìí láìmọye ìgbà.

Kúrómíọ̀mù yìí, oríṣi méjì ni ó ṣe pàtàkì níbẹ̀. Kúrómíọ̀mù-mẹ́ta, èyí tí ó pàdánù ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́ta, ni wọ́n fi ń ṣe awọ. Oró rẹ̀ kò pọ̀ bẹ́ẹ̀. Kúrómíọ̀mù-mẹ́fà ni ó burú, òun ni ó lè fa àrùn jẹjẹrẹ, bẹ́ẹ̀ ni mẹ́ta sì lè di mẹ́fà bí nǹkan kan bá gbè é. Aṣòfófó tí ó mọ̀ nípa rẹ̀ ni diphenylcarbazide, tí ó máa ń di elésè àlùkò.

ÌBÉÈRÈ TÍ OLÙKỌ́ WA BÈÈRÈ

Ní ìsinmi tó kọjá, àwa àti ọ̀rẹ́ wa kan rọ omi kànga ẹ̀yìn ilé sínú ìgò, a sì gbé e wá sí yàrá tí a ti ń kọ́ kẹ́mísìrì. A kán ásíìdì sí i, a kán diphenylcarbazide sí i, a sì dúró. Nínú ìgò tí a mọ̀ọ́mọ̀ fi kúrómíọ̀mù-mẹ́fà sí kí a lè mọ bí àwọ̀ náà ti rí, omi di elésè àlùkò kíá. Nínú omi kànga wa, kò sí nǹkan kan. A fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. A ní a ó kọ̀wé sílé pé omi wa mọ́.

Olùkọ́ wa wò wá, ó ní, “Kí lẹ bi omi yẹn?”

A ní, “Sà, a bi í bóyá kúrómíọ̀mù wà níbẹ̀.”

Ó ní, “Rárá o. Mẹ́fà lẹ béèrè. Ẹ ò tíì béèrè mẹ́ta, ẹ ò sì béèrè òjé rárá. Kí ló wà lẹ́bàá kànga yín?”

A ronú. Gọ́tà wà níbẹ̀. Lẹ́yìn fẹ́ǹsì, ìsọ̀ àwọn tí ń cháàjì bátìrì mọ́tò wà níbẹ̀ láti kékeré wa. Wọ́n ń tú bátìrì, wọ́n ń da omi inú rẹ̀ sílẹ̀. Òjé ló kún inú bátìrì mọ́tò. Ẹnu wa wọhò.

Ẹ̀yin ará, ibí yìí ni gbólóhùn tí a ní kí ẹ má gbàgbé ti padà wá. “Omi kànga yìí dára, òun ni máí ṣáyì fi ń se tíì.” Máí ṣáyì kò purọ́. Tíì náà kò purọ́. Irin ni tíì mọ̀, ó sì ti sọ pé irin kò pọ̀ níbẹ̀. Àwa ni a gba èsì ìbéèrè kan, tí a sọ ọ́ di èsì gbogbo ìbéèrè. A sá fún irin, tí í ba aṣọ jẹ́, a sì fi ọ̀pọ̀ ọdún mu omi kànga tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi léèrè òjé, tí í ba ọmọ jẹ́.

Olùkọ́ wa bá wa gbé omi náà lọ síbi tí ẹ̀rọ ńlá wà. Ẹ̀rọ náà pàápàá, fìtílà kan fún mẹ́táàlì kan ni: bí ẹ bá fẹ́ béèrè kúrómíọ̀mù, fìtílà kúrómíọ̀mù ni ẹ ó tàn sí i. Èsì kúrómíọ̀mù ti jáde, kò ju ìwọ̀n lọ. Fìtílà òjé ti jó, wọ́n ń retí tuntun. Àwa náà ń retí. Ṣùgbọ́n ìyá wa kò retí kí ó tó ṣe ohun tí ó yẹ. Láti ọjọ́ tí a ti sọ fún un, aṣọ nìkan ni ó ń fi omi kànga fọ̀. Omi mẹ́rúwà ni àbúrò wa kékeré ń mu, ìyá wa sì ti bi mẹ́rúwà níbi tí ó ti ń pọn ọ́n.

KÍ NI KÍ Á ṢE?

Èkíní, ẹ dán tíì wò. Ẹ se tíì tó ki, ẹ jẹ́ kí ó tutù, ẹ pín in sínú ife méjì. Ẹ bu omi bóòhóòlù yín sí ọ̀kan, kí ẹ bu omi inú ọ̀rá tí ẹ fọkàn tán sí èkejì, kí ẹ sì gbé wọn sórí bébà funfun. Bí ti bóòhóòlù bá dúdú, ó ṣeé ṣe kí irin wà níbẹ̀. Ẹ sọ fún onílé láìsí ìjà. Bí kò bá dúdú, ẹ mọ̀ pé irin nìkan ni ẹ tíì béèrè.

Èkejì, ẹ wo àyíká kànga kí ẹ tó wo inú rẹ̀. Ìsọ̀ bátìrì, ibi tí wọ́n ti ń po ọ̀dà, ibi tí wọ́n ti ń ṣe awọ, ààtàn, gọ́tà: àwọn ni yóò sọ fún yín irú ìbéèrè tí ó yẹ kí ẹ bi omi.

Ẹ̀kẹta, bí ẹ bá rí bébà aṣòfófó rà lọ́jà, ẹ ka ara páálí rẹ̀. Wọ́n a máa kọ ìwọ̀n tó kéré jù tí ó lè rí síbẹ̀. Bébà òjé tí kò lè rí ohun tí ó kéré tó mílígíráàmù 0.01 nínú lítà kan yóò dákẹ́ lórí omi tí ó ti kọjá ààlà, dídákẹ́ rẹ̀ kò sì ní jẹ́ ẹ̀rí pé omi náà dára. Bí omi bá sì ti rú tàbí tí ó ti ní àwọ̀ tẹ́lẹ̀, ojú lè tàn yín jẹ.

Ẹ̀kẹrin, bí ẹ bá ń gbé omi lọ fún àyẹ̀wò, ìgò oníke tó mọ́ ni kí ẹ lò. Ẹ fi omi náà gan-an ṣan ìgò lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ tó rọ ọ́ kún. Ẹ kọ ibi tí ẹ ti pọn ọ́n, ọjọ́ àti wákàtí sára rẹ̀. Ẹ má kàn sọ pé “ẹ bá wa yẹ omi yìí wò”. Orúkọ mẹ́táàlì ni kí ẹ dá.

Ìkarùn-ún, ẹ má ṣe da kẹ́míkà àyẹ̀wò sínú kànga, ẹ má sì ṣe tọ́ omi tí ẹ ti kán an sí wò. Májèlé ni àwọn aṣòfófó mìíràn fúnra wọn.

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, púpọ̀ nínú yín yóò padà sílé ní ìsinmi, sí Sábón Gàrí, sí Ògbómọ̀ṣọ́, sí Ọ̀ffà, sí Ìbàdàn. Kànga kan wà níbẹ̀ tí gbogbo ilé gbà pé ó dára, nítorí pé bàbá ńlá wọn mu ún tí kò kú. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àgbà, kí ẹ sì fi ọ̀wọ̀ béèrè ohun tí wọ́n fi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn baba wa ní ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Àwa náà fi kún un pé ẹni tó bá béèrè ọ̀nà Ọ̀yọ́ kò tíì mọ ọ̀nà Ìlọrin.

Máí ṣáyì ẹnu ọ̀nà wa ti darúgbó báyìí, ọmọ rẹ̀ ló ń ta tíì. Nígbà tí a lọ kí i ní ìsinmi náà, a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a sì sọ fún un pé òun ni olùkọ́ kẹ́mísìrì àkọ́kọ́ tí a ní. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ní kí á jókòó mu tíì. A mu ún. Ṣùgbọ́n a kọ́kọ́ bi í pé níbo ni ó ti pọn omi rẹ̀.